Bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ọkọ̀ wa kú sójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lónìí. Bẹ́líìtì táímìn, rọ́bà eléyín tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì yí, ló já, gbogbo fáàfù inú ẹ́ńjìnnì sì tẹ̀, ó di aláìṣiṣẹ́.

Ṣebí mọkálíìkì ti sọ ọ́ nígbà òjò. Ó ṣí i hàn wá: bẹ́líìtì náà ti rin fún ọ́ìlì, eyín rẹ̀ ti jẹ. Ó ní ká pààrọ̀ rẹ̀ àti róláà tó ń fà á le. Ọkọ mi fi èékánná họ ọ́, ó ní kò tíì sán.

“Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti Japan rèé. O fẹ́ tú u lọ tà, kí o wá fi ti Ṣáínà sí i fún mi.”

Mo ní, “Bàbá Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀.” Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta ogún bàbá rẹ̀.

Ìyá mi ni mò ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí tó fi já. Ìyá arúgbó jókòó sínú oòrùn lẹ́bàá títì, ọ̀kadà ló sì gùn dé ọsibítù, tòun ti orúnkún tó wú.

Nígbà tí ọkọ mi dé bá mi lọ́dọ̀ mọkálíìkì, níbi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ, kò béèrè ìyá mi. Bẹ́líìtì tó já ló mú, ó fi áńkáṣífù nù ún.

“Wò ó,” ló wí, “Japan tí wọ́n kọ sí i lára ò tíì pa rẹ́.”