Ìwé Àlejò Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Tẹ̀ka Sí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àìrí ara wa láti ọjọ́ yìí wá. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo kúnlẹ̀ sí, kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó máa ń tutù ní àárọ̀. Mo kí Bàbá Mọ́gàjí àti gbogbo àgbà agbo ilé wa. Mo kí Múfú, àbúrò mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Múfú, rọra máa kà á o. Má fo ibi kankan, mo mọ̀ ẹ́ dáadáa.

Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Àwọn ọmọ Ẹdẹ pọ̀ lẹ́yìn odi tí wọ́n rò pé ìwé ìrìnnà méjì ló wà lọ́wọ́ àwọn, títí di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wálé. Ẹ má bínú pé mo kó ọ̀rọ̀ ilé wa síta. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Mọ́gàjí.

Iṣẹ́ ń lọ, mo dúpẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni mo ṣì wà, ní ìlú Leeds nílẹ̀ òyìnbó níbí. Aṣọ ibùsùn, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, kọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ là ń fọ̀, tí à ń lọ̀, tí à ń ká. Tí mo bá rí èyí tí etí rẹ̀ ti tú, ọwọ́ a máa yún mi láti gán an. Àmọ́ wọn kì í rán aṣọ níbí, wọ́n á ní ká jù ú nù ni. Inú ìbá bí yín. Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe máa ń já bọ́tìnì kúrò lára aṣọ tó ti gbó, tí ẹ ó dà á sínú agolo mílíìkì, tí ẹ ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí a máa wá a.

Òtútù ibí kò ṣe é ròyìn. Tí ọyẹ́ bá mú ní Ẹdẹ, ètè á là, a ó fi òrí pa á, tó bá sì di ọ̀sán, oòrùn á yọ, gbogbo wa á tún máa wá ibòòji. Níbí, oòrùn á yọ, a ó rí i pẹ̀lú ojú wa, ṣùgbọ́n kò ní kàn wá lára. Àwọn aládùúgbò mi kì í ṣe èèyàn burúkú, orí ni wọ́n fi ń kí mi, wọ́n á mì í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tí mo sè, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun gbọ́ tí mo wúkọ́ ní àárọ̀. Ilé wa ni mo ti mọ̀ pé wọ́n á bi èèyàn léèrè títí á fi bínú. Ní báyìí, ìbínú yẹn gan-an ló ń wù mí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù ni ọ̀sẹ̀ tó máa ń ṣáájú Iléyá. Ẹ rántí bí aṣọ ṣe máa ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a kò ní rí ibi fẹsẹ̀ sí. Àwọn ọmọ Pólì á gbé tiwọn wá, àwọn ọmọ yunifásítì oníṣọ́ọ̀ṣì náà á gbé ti ìsìn ọjọ́ Àìkú wọn wá, ẹ ó sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tí kò ní pa àgbò náà ló ń kánjú jù. Ariwo maṣíìnì ìránṣọ yín ló máa ń jí mi. Kí n tó wọ aṣọ ilé ìwé, ẹ ó ti pè mí pé, "Àṣàkẹ́, wá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi." Màá ki funfun bọ ọ̀kan, màá ki dúdú bọ òmíràn, màá wo àwọ̀ aṣọ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, màá ki ìyẹn náà. Màá wá gún gbogbo wọn sára ìrọ̀rí kékeré ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì, kí ẹ lè máa fà wọ́n yọ títí màá fi dé láti ilé ìwé. Nígbà yẹn, mo rò pé ẹ kàn fẹ́ràn láti máa rán mi níṣẹ́ ni. N kò mọ̀ pé ojú ti ń dùn yín láti ìgbà náà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn abẹ́rẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rántí nígbà tí Múfú pè mí pé dókítà ojú ní Òṣogbo ti sọ̀rọ̀. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ìríran yín kò ní padà wá mọ́, oògùn tí ẹ ń kán sójú kàn lè dí ìyókù mú fún ìgbà díẹ̀ ni. Múfú ní ohùn àti ìrìn lẹ fi ń mọ àwọn èèyàn báyìí tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo béèrè ohun tí ẹ sọ. Ó ní ẹ sọ pé, "Kí Àṣàkẹ́ wá kí n wo ojú rẹ̀, kó tó di pé ohùn rẹ̀ nìkan ló kù mí kù."

Ìyá mi, lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Mo mú ìwé ìrìnnà búlúù dání, ìyẹn èyí tí wọ́n fún mi lẹ́yìn tí mo na ọwọ́ sókè tí mo búra, tí mo di ọmọ ìlú yìí náà. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní físà dà? Mo ní físà kí ni, ṣebí ilé bàbá mi ni mò ń lọ. Ó ní ìwé búlúù kò mọ bàbá mi. Mo sáré padà sílé, mo tú àpótí, mo rí ìwé aláwọ̀ ewé tiwa lábẹ́ ìró tí ẹ dì fún mi nígbà tí mo ń bọ̀. Ó ti kú tipẹ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé, n kò sì mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi níbí.

Wọ́n là á yé mi pé ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè tún ti aláwọ̀ ewé ṣe, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ̀yin nílé ń pè ní NIN, kí n tó wá dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún mi, ọjọ́ náà sì jìnnà. Tàbí kí n gba físà sínú ìwé búlúù, bí òyìnbó tó fẹ́ wá wo ìlú. Ìyẹn ló yá jù. Nítorí ojú yín, mo ní kí a ṣe èyí tó yá.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti béèrè ẹni tó máa gbà mí lálejò ní Nàìjíríà. Wọ́n ní onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fi ìwé pè mí, kó sì fọwọ́ sí i pé òun máa tọ́jú mi, àti pé mo máa padà síbi tí mo ti wá tí ọjọ́ mi bá pé. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá kọ orúkọ yín síbẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Mo fi ìwé ìpè náà ránṣẹ́ sí Múfú lórí fóònù, ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde nítòsí Pólì, ó gbé e wá fún yín.

Ó ní ẹ ní kóun kà á, ẹ tún ní kóun tún un kà. Lẹ́yìn náà lẹ ká a, ẹ dá a padà sí i lọ́wọ́. Ẹ ní, "Ṣé ọmọ tí mo bí nínú yàrá yìí ni kí n fìwé pè bí àlejò? Kí n tún tẹ̀ka sí i pé ó máa padà lọ? Èmi ò bí àlejò."

Mo bínú, n kò ní purọ́. Mo pariwo mọ́ Múfú lórí fóònù pé ìwé lásán ni. Ìgbà tó dárúkọ ilẹ̀ ọ̀nà Sekona ni ọ̀rọ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo ti gbàgbé, ẹ̀yin kò gbàgbé. Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, tẹ̀ka sí ìwé kan tí wọn kò kà fún wọn délẹ̀. Ìwé náà pè wọ́n ní ẹni tí wọ́n kàn gbà láàyè láti dáko níbẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ̀ka, ó sì di ẹni tí wọ́n ní kó kó àgbàdo rẹ̀ kúrò. Ẹ ní láti ọjọ́ náà, ìwé tó bá pe onílé ní àlejò kò ní gba ọwọ́ yín jáde.

Ẹ wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán yín. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Mọ́gàjí, gbogbo àgbà jókòó, wọ́n ní kí Múfú kọ ìwé mìíràn. Mo ti mọ ìwé náà sórí. Ó ní èmi Rùkáyà Àṣàkẹ́, ọmọ agbo ilé yìí ni mí, pé ẹnikẹ́ni kò lè pè mí wá síbi tó jẹ́ tèmi, pé ìgbà tó bá wù mí ni kí n wọlé, kí n sì pẹ́ bó bá ṣe wù mí. Gbogbo wọn tẹ̀ka sí i. Ẹnì kan tilẹ̀ fi kún un pé tí ìjọba kò bá mọ ilé wa, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà èyíkéyìí.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Mo tẹ èyí tí Múfú fi ránṣẹ́ sí mi jáde, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba físà, mo ní bóyá Ọlọ́run á ṣe é. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi, ọmọ Ìwó ni. Ó kà á tán, ó rọra fi ọwọ́ pa á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé tó dùn ni, ṣùgbọ́n ó ti ba ti físà jẹ́. Àlejò ni físà wà fún, àwọn àgbà yín sì ti tẹ̀ka pé ẹ kì í ṣe àlejò." Ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ tún ìwé aláwọ̀ ewé ṣe.

Múfú, ka ibi yìí sókè dáadáa. Múfú yìí kan náà ló ní òun lè tẹ̀ka sí ìwé àlejò náà dípò yín, kí ẹ má mọ̀ rárá. Ìyá mi, mo rò ó. Ojú yín ni mo ń rò, àti gbogbo ọjọ́ tó ń lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, ẹ ó bi mí léèrè irú ìwé tí mo fi wọlé, n kò sì lè purọ́ sí yín lójú nígbà tó jẹ́ pé ojú náà ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ó ṣì ń bà mí.

Mo lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀. Maṣíìnì wọn kò kọ́kọ́ rí ìka mi, kẹ́míkà aṣọ fífọ̀ ti jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n nù ún, kí n tún un tẹ̀. Ìka àwọn àgbà ilé wa ni mò ń rántí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì wá mú un. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dúró. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, mo máa ń bi Múfú pé báwo ni ojú, á ní ó wà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ìyá mi, ìwé náà ti dé. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti búlúù, mo ṣí àwọn méjèèjì síbi tí wọ́n kọ ìlú tí wọ́n bí mi sí. Ẹdẹ ló wà nínú méjèèjì. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀. Owó mi ti wọ inú rẹ̀, nítorí náà kí àwọn ará ilé má retí ẹrù púpọ̀. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ kò ní lè bá mi wá lọ́tẹ̀ yìí, ìwé tiwọn ṣì wà lọ́nà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù yẹn dúró dè mí. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó tẹ̀ka, ẹ ní mo dúpẹ́, ẹ ní òótọ́ ni wọ́n kọ. Ẹ bá mi kí ará ìlú Awo tó máa ń gbé ẹ̀gẹ́ wá fún wa, àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

N kò mọ bí ẹ ó ṣe rí mi tó. Bóyá ẹ ó rí ojú mi, bóyá òjìji lásán lẹ ó rí lẹ́nu ọ̀nà. Bó ti wù kó rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, ẹ má ní kí wọ́n bu omi fún mi, ẹ má tilẹ̀ kí mi káàbọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kàn pè mí láti yàrá pé kí n wá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Rùkáyà Àṣàkẹ́