Ìyá, Ẹ Sọ fún Mi Bí Ti Bàbá Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Okun o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Kaduna níbí, àyà mi kan ilẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti fi yín sílẹ̀ díẹ̀? Mo mọ̀ pé Dáníẹ́lì àbúrò mi ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Dáníẹ́lì, kà á bí mo ṣe kọ ọ́, má fo ibì kankan. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ráfátù fún ẹ̀gúsí tó fi rán awakọ̀ sí mi. Ó dé, mo sì ti ń jẹ ẹ́.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, èmi tí mo ka kíláàsì méjì péré kí Bàbá tó mú mi lọ sóko. Mo ti ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Iyamoye tó wà níbí tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdọọdún wa, nítorí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi náà kà á. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọyẹ́ ti dé, ó ti la wa létè, eruku sì ń bo ọjà kí n tó ṣílẹ̀kùn tán. Ní gbogbo ìlà àwa tí a ń ta páàtì mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù mi ló tóbi jù. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó wá wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ òfìfo ni mo gbé wọ ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn mẹkáníìkì kì í pè mí lórúkọ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Wọ́n á ní àwọn ń wá bẹ́árìn iwájú fún ọkọ̀ báyìí báyìí, n kò ní wẹ̀yìn, màá kàn na ọwọ́ ni.

Ọgbọ́n tí mo dá sí i ni pé pẹpẹ mẹ́fà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi orúkọ àwa ọmọ yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ wọ́n. Nǹkan bíréèkì wà lọ́dọ̀ Àbíkẹ́, torí òun ló máa ń dá wa dúró nígbà tí a bá fẹ́ sá lọ sódò. Nǹkan iná wà lọ́dọ̀ Sùlé, ẹ̀yin náà mọ bí inú rẹ̀ ṣe ń tètè bí i. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ìyá Fúnmi ti kú, tí ilé ti dákẹ́ mọ́ mi lórí, tí mo bá wo àwọn pẹpẹ yẹn, á dà bíi pé gbogbo wa ṣì jókòó yí àwo oúnjẹ yín ká.

Fúnmi ọmọ mi ti dé ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣàkóso òwò ni ẹ̀kọ́ tó ń kọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kó wá jókòó tì mí fún oṣù kan, èmi náà á fún un ní sátífíkéètì. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n wá fún un ni pé kó mú ilé ìtajà kan, kó kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kó sì kó o sínú ẹ̀rọ. Ó yan tèmi. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ará ìlà wa kí wọ́n wá wo Kọ̀ǹpútà tó bí kọ̀ǹpútà.

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Pẹpẹ kìíní, mo sọ orúkọ rẹ̀. Ìkejì títí dé ìkarùn-ún, ó ń já geere lẹ́nu mi. Ó wá tọ́ka sí ìkẹfà. Mo rí ohun tó wà lórí rẹ̀ kedere, orúkọ ẹni tó ni ín ni mi ò rí. Mo wúkọ́, mo ní eruku ló wọ̀ mí lọ́fun. Màlámù tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Màigídá, ó dà bíi pé wọ́n ti mú iná kọ̀ǹpútà yín lọ.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Fúnmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó rọra sọ fún mi pé, “Ti Àǹtí Ráfátù ni, Bàbá.”

Ìyá, ẹ̀rù bà mí.

Ẹ rántí ìgbà tí èmi àti Fúnmi wá sílé kẹ́yìn, tí a pẹ́ dé, tí mo ní mọ́tò ló gbóná. Irọ́ ni mo pa fún yín. Nígbà tí a dé oríta Kabba, mo yà sí ọ̀nà Mopa, ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí yàrá ara rẹ̀. Fúnmi ní ọ̀nà wa kọ́ nìyí. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń wa mọ́tò lójú ọ̀nà yẹn. A ń lọ títí mo fi rí orúkọ Iyah-Gbede lára pátákó ilé ẹ̀kọ́ kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti ṣìnà. Kí ọmọ má baà mọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní iṣu tibẹ̀ ni mo wá rà, pé ó dùn ju tilé lọ. Bí mo ṣe ra iṣu wá sí Iyamoye nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín mi lọ́jọ́ náà, ẹ ní ó kù kí n pọn omi lọ sódò.

Sùlé kò yé sọ pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fún wa ní Kogi tiwa, kí n kó ṣọ́ọ̀bù mi wá sí Lokoja, kí n sún mọ́ yín. Èmi náà ti fọ́nnu níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé tí mo bá dé Lokoja, ìlú á mọ̀. Ohun tí mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé tí mo bá tú àwọn pẹpẹ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá mo lè tò wọ́n padà.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Mo rántí Bàbá ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, bó ṣe ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bi yín pé ọmọ ta ni yín. Ẹ ní ogbó ni. Ṣùgbọ́n Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju bí mo ṣe wà yìí lọ. Kí ló kọ́kọ́ gbàgbé? Ṣé orúkọ ni, àbí ọ̀nà oko? Ọdún mélòó ló wà láàárín ìyẹn àti ọjọ́ tí kò mọ̀ yín mọ́? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi nítorí kí ọkàn mi lè balẹ̀. Kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fúnmi ní òun á mú mi lọ rí dókítà, mo ní kó jẹ́ kí èsì yín dé ná. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun parí iṣẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀bù, mo kọ̀. Mo rò ó pé tí ohun tó wà lórí mi bá bọ́ sínú ẹ̀rọ tán, kí ni wọ́n á máa pè mí?

Ẹ ní kí Sùlé bá mi ṣe dùáà, kí Dáníẹ́lì náà fi mí sádùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi kí gbogbo ọmọ ìyá mi: Àbíkẹ́, Sùlé, Dáníẹ́lì tó ń kàwé, àti Olú àbíkẹ́yìn yín.

Mo fi ara mi kún un, mo kà wá, a jẹ́ márùn-ún. Mo tún un kà. Fúnmi wà ní yàrá kejì, ǹ bá pè é, mi ò pè é. Mo mú ojú ìwé àkọ́kọ́ lẹ́tà yìí, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gúsí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ẹ kí Ráfátù fún mi. Ẹ kí i dáadáa.

Mo ti wá pe Fúnmi báyìí, mo ní kó mú ìwé rẹ̀ wá, ká bẹ̀rẹ̀ láti pẹpẹ kìíní. Mo ní kó má fi mọ sí ti ṣọ́ọ̀bù, kó kọ ọ̀nà ilé yín sí i pẹ̀lú, láti oríta Kabba.

Ẹ̀mí yín á gùn, ojú yín kò ní rí ibi lára wa, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí orúkọ wa bọ́ lẹ́nu yín. Ẹ kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tí mi ò dárúkọ. Ẹ tètè fèsì.

Èmi ni ọmọ yín, tó ṣì mọ̀ yín,
Jósẹ́fù.