Amọ̀kòkò Mẹ́wàá Tí Mo Sọ Di Èrè Ogun

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Torikai,
Fukuoka, Japan.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2023.

Chigusa, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Sapporo? Ṣé òtútù ò tíì pọ̀ jù? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti san? Ara bàbá rẹ le. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ kí o tó gbọ́ ọ níbòmíì.

O mọ̀ pé èmi ni mo ń ṣètò èrè òwò àti èrè ogun nínú eré kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe, lórí ogun tí àwọn baba ńlá àwa ará Japan gbé lọ sí Korea ní ohun tó lé ní irinwó ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá ra àwo níbẹ̀ ń gba máàkì mẹ́ta lọ́dún. Ẹni tó bá fi ogun kó ìlú kan ń mú amọ̀kòkò mẹ́wàá bọ̀ wálé, wọn á sì máa fún un ní ogójì lọ́dọọdún. Èmi ni mo fi iye yẹn sí i. Mo tún fi fèrè ayọ̀ tì í lẹ́yìn.

Bàbá rẹ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò, torí náà mo kọ orúkọ wọn sójú ìwé ìdúpẹ́ eré náà, mo sì gbé eré náà lọ fún wọn láti wò. Kì í ṣe pé mi ò mọ ibi tí ẹ ti ṣẹ̀. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, o mú mi lọ síbi tí ẹ ti ń kọjú sí òkun lọ́dọọdún, tí ẹ ń da ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá yín, àwọn amọ̀kòkò tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti Korea nígbà ogun yẹn. Mo tẹríba pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti iṣẹ́, iye nìkan ni mo rí.

Òwò ni Bàbá kọ́kọ́ ń ṣe nínú eré náà.

"Ọmọ yunifásítì, àwọn tó ń jagun ti fi mí sílẹ̀ o. Ṣé ọjọ́ orí ni?"

"Rárá, Bàbá. Òwò ló máa ń falẹ̀."

"Ó dáa, èmi náà á jagun."

Wọ́n kó ìlú kan. Fèrè dún: "Ẹ kú oríire! Amọ̀kòkò mẹ́wàá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mẹ́wàá. Èwo ni ìyá ńlá wa nínú wọn?"

Wọn ò bú mi. Tíì ni wọ́n bù fún mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ Ajé, mo yọ fèrè, mo sọ èrè òwò di méjìlá, mo sì dín ti ogun kù. Mo pe Bàbá láti sọ fún wọn.

"O ṣeun. O ti jẹ́ kí ó ṣòro díẹ̀ láti fi wá jèrè. Yọ orúkọ mi, ọmọ mi."

Mo bẹ ọ̀gá wa pé kí a yọ èrè náà pátápátá. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an làwọn tó dán eré náà wò fẹ́ràn jù, àti pé ọjọ́ Ẹtì ló ń jáde. Mi ò jiyàn. Mo yọ orúkọ Bàbá. Tèmi ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ "Ẹni tó ṣètò èrè".

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bí kò bá tíì wù ọ́ láti dáhùn, má dáhùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,
Sawako.