Ìlà Pupa Lórí Bóòtù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Ẹrẹ́nà, 2007

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Mi ò bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní gba èyí tí wọ́n bá gbé wá. Kí Rabha ọmọ mi gbọ́. Kí dókítà gbọ́. Kí ìmáàmù tó ní kí n máa jókòó sílé fa tẹ̀sùbáà gbọ́ pẹ̀lú.

Rabha ló ra ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ kí lẹ́tà tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn ìyá àgbà ní mọ́sálásí má baà sá kúrò lórí mi. Ó dáa. Mo ń kọ ọ́. Ohun tó bá wù mí ni n ó kọ.

Iṣẹ́ òní: ọkọ̀ Irùngbọ̀n. Kaddour lorúkọ rẹ̀, ó ń fi làálì pa irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí ọkọ ìyàwó, ó sì ti ní ọmọ-ọmọ. Mẹ́sídíìsì àtijọ́, èyí tó fi ń kó èrò mẹ́fà lọ sí ìlú Fes. Mo pààrọ̀ asẹ́ epo. Mo tú àwọn bóòtù oníhò tí epo dísù ń gba inú wọn kọjá, mo sì dè wọ́n padà. Wáṣà bàbà méjì-méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi iná sun wọ́n títí wọ́n fi pọ́n, mo jù wọ́n sómi, kí wọ́n lè rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ lásán títí bóòtù fi jókòó. Sípánà, títí n ó fi mọ̀ ọ́n lára pé bàbà ti mú. Díẹ̀ sí i — bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí. Ó tó. Ẹni tó bá tún fi kún un, bíba ló ń bà á jẹ́.

Bàbá Rabha ló kọ́ mi, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ó ní ọwọ́ òun wúwo jù fún ọ̀nà epo, pé tèmi ló gbà á. Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ tí mo dè tó jò ní gbogbo ìlú Taza yìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Ọkọ̀ Irùngbọ̀n kú sórí òkè Touahar. Tòun ti èrò mẹ́fà àti àkùkọ ẹnìkan. Epo ń jò lójú bóòtù, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì dákẹ́. Wọ́n fi okùn fà á dé àgbàlá ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa, ibẹ̀ ló ti dojú kọ mí níṣojú gbogbo ayé.

“Alájà,” ni ó pè mí — mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà — “ṣé ọwọ́ lẹ fi de bóòtù yìí ni, àbí àdúrà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹnu rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì dè, òun ló ń jò. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àkọ́kọ́ ló dé ikùn wọn.

Hammou ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Hammou, Ọmọ Ọmú mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí, ìdílé tó múlé tì wá. Mo ń tọ́ Rabha lọ́wọ́ nígbà náà, mo sì gbé òun sí ọmú kejì. Nínú ẹ̀sìn wa, ọmọ mi ló jẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Kò lè fẹ́ Rabha, mi ò sì ń bo orí níwájú rẹ̀. Bàbá Rabha kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló sì ń darí ṣọ́ọ̀bù látìgbà tí Bàbá Rabha ti kú. Ó di apá Irùngbọ̀n mú, ó ní kó má bínú, pé àgbàlagbà ni mí. Ohùn jẹ́jẹ́. Ọmọ dáadáa.

Mo tú bóòtù náà. Wáṣà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti ya létí, bíi pé ràkúnmí ló tẹ̀ ẹ́. Mo yí i síwá yí i sẹ́yìn. Kò yé mi. Bóyá bàbà ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Bóyá dísù Àlùjíríà tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé wọ̀lú láìgbàṣẹ ni.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Kuskus la jẹ lẹ́yìn ìrun. Orúnkún ń ro mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkọ̀ olùkọ́ obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ọjà jò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo dè é. Kò pariwo bíi ti Irùngbọ̀n, ó kàn ní, “Ìyá, ó ṣẹlẹ̀ náà ni,” ó sì ń wo ọwọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí ju ariwo lọ.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìgò ólífì tí ọkọ Rabha ti jà títí tó fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ṣí. Mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ọmọ Ọmú wá kí mi nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú msemen gbígbóná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi epo dín, àti oyin. Ó bu tíì fún mi fúnra rẹ̀. Ó ní ariwo ṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ jù fún mi — lóòótọ́, láti ìgbà òtútù tó ti ra ìbọn afẹ́fẹ́ tó fi ń de nọ́ọ̀tì táyà, èyí tí wọ́n rà wá láti Mẹ̀líílà, tí mo pè ní Aláriwo, a ò gbọ́ ara wa mọ́. Ó ní òun ó máa mú ìpín mi wá lóṣooṣù, kí n máa jókòó sínú oòrùn bí àwọn ẹgbẹ́ mi.

“Ìyá, ẹ ti ṣe tó.”

Mo ní kó jẹ msemen rẹ̀ kó tó tutù.

Lẹ́yìn tó lọ, mo gbé ọwọ́ mi síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Àbí kò gbọ̀n. Mo wò ó pẹ́ débi tí mi ò lè sọ mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo gbàdúrà. Mi ò ní kọ ohun tí mo tọrọ síbí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Irùngbọ̀n tún gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun fi ń padà wá. Èmi mọ̀ ọ́n: ìyàwó rẹ̀ ló ní kó wá, mo mọ ìyá ìyàwó rẹ̀.

Èyí ni mo ṣe. Láàárọ̀, Rabha ń kun èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gba ìgò kékeré ọ̀dà pupa náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ta lẹ fẹ́ lọ fẹ́?” Mo ní Mẹ́sídíìsì ni. Nígbà tí mo de bóòtù kọ̀ọ̀kan tán, mo nu dísù ara rẹ̀ gbẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fa ìlà pupa tín-ínrín láti orí bóòtù wá sórí irin tó jókòó lé. Ìlà kan ṣoṣo, gbọnrangandan. Bí bóòtù bá yí, ìlà á já sí méjì, olúkúlùkù á sì wà ní àyè tirẹ̀.

Bí ó bá yí sósì, a jẹ́ pé mi ò dè é tó, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ló tú u. A jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ọwọ́ mi ti tán. N ó gbé sípánà sílẹ̀ fúnra mi, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Mo ti bá Ọlọ́run ṣàdéhùn bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ènìyàn kankan ṣe é.

Mo kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ṣáájú ìrun Àsárì. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò sí ìròyìn. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Ó tún jò. Irùngbọ̀n gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, kò gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo lónìí. Mo ní kó ṣí i. Mo fi awò ojú mi sójú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ti lè dùn mí tó.

Ìlà náà ti já. Ọ̀tún ló lọ.

Kì í ṣe òsì. Ọ̀tún, ju ìdajì àyíká lọ. Lára bóòtù kejì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Kò tú. Wọ́n tún un dè lé mi lórí ni. Bàbà ti tẹ́, ó yọ jáde létí bí ahọ́n ajá. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí gbígbọ̀n rẹ̀ ń de bóòtù le. Ènìyàn ló ṣe é, ènìyàn tó ní sípánà tó mú bóòtù yẹn, tó sì fi agbára ẹṣin tì í.

Mo dìde. Mo bi Irùngbọ̀n léèrè ẹni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ lẹ́yìn mi. Ó ń fọwọ́ họ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Mo ní bó bá parọ́ fún mi, n ó lọ bá ìyá ìyàwó rẹ̀.

“Alájà, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Hammou ni. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti lọ, ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo àwa awakọ̀ la máa ń fún un ní owó tíì nítorí ẹ̀.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “A ò fẹ́ kó dùn yín ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń dè é, òun ló máa ń fọkàn wa balẹ̀.”

Gbogbo wọn mọ̀. Àgbàlá náà lódindi, láti ẹnu géètì dé ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Gbogbo wọn ń kí mi “Alájà, ẹ kú iṣẹ́.” Èmi sì ń dáhùn!

Mi ò sunkún. Mo pààrọ̀ wáṣà rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, mo dè é, mo fa ìlà mi. Mo ní kó máa lọ sí Fes tààrà, kó má yà síbì kankan.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ bá Hammou kí àwọn ènìyàn tó ti mọ́sálásí dé. Ó ń fọ girísì kúrò lọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti iyẹ̀pẹ̀. Mo bi í. Kò sẹ́. Mo fẹ́ kó sẹ́.

Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí Bàbá Rabha ti kú, ó di ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Pé bí ọkọ̀ bá gbiná lójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò, èmi kọ́ ni wọ́n máa mú, òun ni. Títí ibẹ̀, mo lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Mo wá ní, “Nígbà tí o ń fi sípánà yẹ̀ ẹ́ wò, kí lo máa ń rí?”

Ó tún bu iyẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́. “Kì í yí, Ìyá. Ibi tó yẹ kó wà náà ló máa ń wà.”

“Fún ọdún mẹ́sàn-án.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“O sì ń gba owó tíì.”

Ó ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́.

Aláriwo ló yí ọ̀rọ̀ padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ó ti ṣá sípánà tì; ìbọn náà ló ń yìn sórí bóòtù mi, torí ó yá, torí ó dùn ún ṣe. Ìbọn táyà lórí wáṣà bàbà. Àkọ́kọ́ tó jò, ó ní òun rò pé èmi ni. Ìkejì, ti olùkọ́ obìnrin nì, òun fúnra rẹ̀ tú u, ó rí bàbà tó tẹ́, ó sì mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tó gbé msemen wá, ó mọ̀. Nígbà tó ń bu tíì fún mi, ó mọ̀. “Ìyá, ẹ ti ṣe tó.” Ó mọ̀! Lẹ́yìn ìgbà náà ló tún lọ yin ìbọn sórí bóòtù Irùngbọ̀n.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Mo rò pé bó bá jò lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó gbà láti sinmi.”

Mo wò ó dáadáa. Ó ní imú ìyá rẹ̀. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Mo kó àwọn sípánà mi sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e. Ó wúwo. Ó fẹ́ bá mi gbé e. Mi ò fún un.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Irùngbọ̀n lọ sí Fes, ó padà dé, ó tún lọ. Gbígbẹ ni bóòtù rẹ̀. Ó wá fi hàn mí, ìlà pupa náà dúró gbọnrangandan, bí ẹni pé òun ló dè é. Olùkọ́ obìnrin náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Rabha gbé àga síta fún un. N ó máa ṣe é níbí, lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, títí tí n ó fi sọ pé ó tó.

Wọ́n ní Hammou ń sọ nínú àgbàlá pé òun ló jẹ̀bi. Kó máa sọ ọ́. Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín, kò gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Hammou rán ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí, pẹ̀lú ṣúgà dídì olórí ṣóńṣó ńlá, bí wọ́n ti ń ṣe níbí tí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀. Mo dá ṣúgà padà. Rabha sunkún. Ó ní, “Màmá, ọmú kan náà la jọ mu. Ṣé ìyá ń bá ọmọ rẹ̀ ṣírò ni?”

Rárá, kì í bá a ṣírò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dákẹ́ nípa àgbò mi láti ọjọ́ yìí. Ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí àwọn àgbẹ̀ ń ta màlúù wọn bí ẹni ń dà á nù, Hammou kò rí nǹkan fi ra ẹran Iléyá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń wo àgbò àwọn aládùúgbò. Mo tú tèmi lórí òrùlé, mo fà á lọ sílé rẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé dókítà ní kí n má jẹ ẹran àgbò. Adìyẹ la jẹ. Ó fi orí àwọn ọmọ rẹ̀ búra pé Iléyá tó ń bọ̀ ni òun ó san án. Mi ò bèèrè rí. Ọmọ mi ni mo pè é nígbà náà.

Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ dúró kó gbọ́ ọ dáadáa, kó lè jẹ́ iṣẹ́ mi bí mo ṣe rán an. Mo sì kọ ọ́ síbí pẹ̀lú, kó má ṣe ní mo gbàgbé. Àgbò ni, kì í ṣe owó. Akọ, oníwo méjì, tí kò ní àbùkù lójú tàbí lẹ́sẹ̀. Mi ò ní dúró de Iléyá. Hammou, san àgbò mi.