Ìyá Àgbà Tú POP Ẹsẹ̀ Àníkẹ́

Ọjọ́bọ̀, àdúgbò Àrẹ̀mọ

Inú bí mi lónìí. Àníkẹ́, ọmọ oṣù méjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú: ìyá àgbà rẹ̀ ti fi omi gbígbóná tú POP, ìdì funfun líle tí mo fi dì í kí ẹsẹ̀ náà lè nà.

Màmá àgbà náà bi mí pé: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ wo ni wọn kì í wẹ̀ fún, tí wọn kì í fi òrí wọ́ lẹ́sẹ̀?"

Ẹ̀bi mi ni. Ìyá ọmọ nìkan ni mo kìlọ̀ fún, bí ẹni pé mi ò mọ ẹni tó ń wẹ̀ fún ọmọ nínú agbo ilé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ màmá yẹn! Wọ́n ń rọra fa ẹsẹ̀ náà síta, bí dókítà ṣe kọ́ àwa nọ́ọ̀sì tí a yọ̀ǹda ara wa fún iṣẹ́ yìí gan-an.

Mi ò ní fi ọmọ yìí sílẹ̀. Mo rẹ POP mìíràn sómi. "Màmá, ẹ bá mi dì í mú báyẹn."

Nígbà tó gbẹ, wọ́n kọjú sí ìyá ọmọ: "Ẹni tó bá tú eléyìí, èmi lonítọ̀hún máa bá fà á."