Ìyá Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Dín Ohùn Ẹ̀rọ Kù

Ọdún 1948 ni wọ́n bí Màmá wa, ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń tún aago ṣe. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ìdílé tí kì í purọ́, tí kì í sì í gba ìwọ̀sí ni wọ́n ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èkejì yẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìtàn yìí lọ.

Wọ́n ka ìwé mẹ́wàá jáde ní 1966, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1973, wọ́n fẹ́ bàbá wa, bíríkìlà tó wá mọ ògiri tuntun sí ilé ìwòsàn, tó rí nọ́ọ̀sì kan, tí ògiri náà kò sì tètè parí mọ́. Bàbá ti ṣíwájú wọn lọ ní 2009.

Ọdún 1979 ni Màmá dé ẹ̀ka ìtọ́jú àkànṣe, níbi tí àwọn aláìsàn tí kò lè dá mí wà lórí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Sísítà Wojú-Ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ké, òfin Màmá ni pé kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wo ojú aláìsàn, kó wò ó bóyá àyà rẹ̀ ń gòkè, kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Nọ́ọ̀sì tuntun tó bá sáré lọ pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ yóò gbọ́ tirẹ̀: “Ṣé ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn ni? Wojú ẹ̀!” Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ọ̀gá lónìí, ohùn Màmá ni wọ́n ṣì fi ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn wí.

Nínú ìjọ, ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni tiwọn, nítorí ẹni tó bá dákú. Ládùúgbò, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè bí ẹnì kan bá ṣubú. Ẹni tó bá sì pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà kọjá ilé wa.

Àwọn kan ní kí a má kọ èyí tó kù, pé òkú kì í jà. Òótọ́ ni. Àwa ọmọ wọn kò tíì kú.

Ní 2002, ẹbí olówó kan ráhùn pé ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí bàbá àwọn sinmi. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pàṣẹ pé kí wọ́n dín ohùn gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ kù. Màmá kọ̀. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò lọ́fun aláìsàn kan, kò lè rí àwọn aláìsàn tó kù. Etí ló fi ń ṣọ́ wọn. Ọ̀gá ní kí wọ́n dín in kù, Màmá gbé e sókè padà. Ni ọ̀gá bá gbé Màmá lọ sí yàrá aṣọ, pé kí wọ́n lọ máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó kọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì ẹ̀ka náà níṣẹ́!

Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi kú níbẹ̀. Rọ́bà tó ń gbé èémí wọlé fún un ló já kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ké ní ohùn tí wọ́n ti dín kù, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí ìwádìí dé, ọ̀gá àgbà kò mẹ́nu kan àṣẹ tirẹ̀ rárá. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní Màmá ni kò kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dáadáa, ó sì ní kí Màmá fẹ̀yìn tì láìtọ́jọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èyí tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé níbẹ̀. Ó dun Màmá wọra. Títí wọ́n fi dákẹ́, kò sẹ́ni tó wá kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Oṣù tó kọjá ni Màmá dákẹ́, nílé, lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pé ọ̀gá àgbà ìjọ́sí fẹ́ jókòó ní ìlà iwájú níbi ìsìnkú òní, kó sì yin “òṣìṣẹ́ àwòkọ́ṣe” yìí. Inú bí wa. A fèsì pé kó kọ́kọ́ sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ pé Màmá kò mọwọ́, wọn kò mẹsẹ̀ nínú ikú ọmọ náà. Títí a fi tẹ ìwé yìí, kò gbin.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni ọmọ mẹ́ta: káfíńtà, olùkọ́, àti nọ́ọ̀sì tó ti búra pé òun kò ní ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn yẹn láé, ọmọ-ọmọ méje, àti àbúrò wọn obìnrin, tí kò tíì dẹ́kun ẹkún.

Ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wá kí wa. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ìyá yín ló bá mi sin ọmọ mi. Ìyá yín ló ń wá wò mí látìgbà yẹn. Ọ̀gá wọn ò tiẹ̀ kí mi kú ọ̀fọ̀.” Àyè tí ọ̀gá àgbà ń tọrọ ní ìlà iwájú, ìyá yìí la fún. Ẹni tó bá ṣì ń wá ẹni tó jẹ̀bi, kó lọ bi í.

Màmá wa, ẹ sùn re o. Ìjà tó kù, ọwọ́ wa ló wà.