Òkúta Funfun Bàbá Tíṣà ní Mayfair

Ẹ kú ilé o, Màámi. Èmi ọmọ yín Ràṣídì, tí ẹ bí sí Ìgbẹ́tì, èmi ni ọ̀gá pátápátá lórí gbogbo Wàláà tó ń wọ Ilé-Ifẹ̀. Bí mi ò bá tíì jí, ilẹ̀ kì í mọ́ ní Mayfair. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì máa ń kí mi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kí ìyàwó wọn. Lọ́jọ́ tí òjò fọ orúkọ gbogbo èèyàn dànù lára òkúta, orí mi nìkan ni gbogbo ìlú gbójú lé. Mo pe òkúta kọ̀ọ̀kan lórúkọ olówó ẹ̀, mi ò ṣi ẹyọ kan.

Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sọ fún yín lórí fóònù kí Bàbá Tíṣà tó wá sí Ifẹ̀. Ìdajì yòókù, lẹ́yìn tí wọ́n padà lọ ni mo sọ ọ́. Òun ni ojú fi ń tì mí tí mo fi mú bírò.

Mo kí Bàámi o, ẹ ní kí wọ́n rọra máa ṣe lóko iṣu. Mo kí Ìyá Àgbà, tí etí wọn ò gbọ́ràn mọ́, àfi bí èèyàn bá ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ní yàrá kejì. Mo kí Sìdí àbúrò mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò tíì lè kí, torí ẹ̀ ni mo sì ṣe kọ lẹ́tà yìí.

Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù, torí lórí fóònù ẹnu mi máa ń sáré ṣáájú mi. Kí n tó sọ pé ẹ̀bà ni mo jẹ, ó ti sọ pé odidi adìyẹ ni. Inú ìwé, mo lè fa igi lé irọ́ kí ẹ tó rí i. Mo ti fa igi mẹ́sàn-án báyìí. Mo sì fi í ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn tí Bàbá onígbàjámọ̀ máa ń kà sókè fún àwọn tó ń dúró de orí fífá, torí Sìdí sọ fún mi pé ìsọ̀ onígbàjámọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń fi Bàbá Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní Bàbá Sọnù-s'Ífẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Pé ẹni tó kọ́ gbogbo ìlú níwèé dé Ifẹ̀, kò rí ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ayé mọ̀, ó padà lọ́wọ́ òfo. Pé àwọn ọmọdé tiẹ̀ ń júwe ọ̀nà ilé wọn fún wọn bí wọ́n bá ń kọjá.

Màámi, Bàbá Tíṣà ò sọnù o. Wọ́n rí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni wọn ò rí, torí mo sá pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an. Ṣọ́ọ̀bù fóònù kan ni, lójú ọ̀nà yunifásítì. Mò ń gbá iwájú ẹ̀, mò ń gbé páálí. Obìnrin tó ni ín, Màdáámù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wàláà ni àwọn ará ibí sọ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tuntun tí wọ́n ń tà, torí ó jọ wàláà iléekéwú. Ó ń lo ọjọ́ mẹ́ta láìfẹnu kan iná, ó ń ka ìwé sókè ní Yorùbá, ẹ sì lè fẹ lẹ́tà inú ẹ̀ títí A kan á fi tó orí ìkókó. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ ẹ, kò sì kárí. Páálí kan á dé lónìí, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òmíràn tó dé.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí àwọn èèyàn ń dá sí i. Olùkọ́ méjì pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan: ọ̀kan ń lò ó láti Mọ́ńdè dé Wẹ́sídè, èkejì láti Tọ́sìdè dé Sátidé, ìjà Sọ́ńdè ni wọ́n wá ń jà báyìí. Ọkùnrin kan ti ra àpò ẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbé àpò òfìfo há abíyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ti òkúta ló gbajúmọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró sórí ìlà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé, ẹ ó wá òkúta, ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ yín sí i, ẹ ó gbé e sẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ẹ ó bá iṣẹ́ yín lọ. Òkúta á máa dúró dè yín. Bí àwọn tó wà níwájú bá ti ra tiwọn, èmi ni mò ń sún òkúta yòókù síwájú. Ràṣídì Olókùúta ni wọ́n ń pè mí. Òun ni mo sọ di ọ̀gá pátápátá lọ́dọ̀ yín.

Ẹ má bínú. Sábó ni mò ń gbé, àwọn àgbò tí wọ́n fẹ́ tà ló yí yàrá mi ká, ọ̀rọ̀ tí mò ń bá wọn sọ pọ̀ ju èyí tí mò ń bá èèyàn sọ lọ. Àwọn ará Ifẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá bọ́ sínú ẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́. Òjò ibí kì í kìlọ̀ kó tó dé. Owó tí mò ń rí ń bọ́ mi, kò tó fi ránṣẹ́ sílé. Irọ́ ni mo wá ń fi ránṣẹ́.

Ẹ mọ̀ pé Bàbá Tíṣà ò wá ṣe fàájì. Ojú wọn ń ṣú. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ló ń ka ìwé fún wọn báyìí. Wọ́n ní bí àwọn bá ní Wàláà, àwọn á tún fojú ara àwọn rí A. Èmi ni mo sì sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, kó sáà dárúkọ mi ní Mayfair. Mo tún sọ fún yín pé òkúta ni wọ́n fi ń tò.

Ọ̀sán Mọ́ńdè ni. Mò ń to páálí nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo rí fìlà wọn. Àpò wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, òkúta wà lọ́wọ́ òsì. Màámi, òkúta láti Ìgbẹ́tì! Òkúta funfun tí wọ́n ń fọ́ nílé wa yẹn, tó ń dán bí eyín ọmọdé. Wọ́n rò pé kálukú ló ń mú tiẹ̀ láti ilé wá. Wọ́n gbé e wọ mọ́tò mẹ́ta.

Wọ́n kí àwọn èrò, wọ́n béèrè ọ̀gá Ràṣídì, alákòóso Wàláà. Gbogbo orí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní alákòóso kẹ̀, pé Ràṣídì tí àwọn mọ̀ níbí, ìgbálẹ̀ ló ń ṣàkóso. Òmíràn ní kí Bàbá má dá a lóhùn, pé ọ̀gá ni lóòótọ́, ọ̀gá àwọn òkúta, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń jà á níyàn. Bàbá Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní á jẹ́ Ràṣídì mìíràn. Wọ́n ní èyí tí àwọn kọ́, oníyẹ̀yẹ́ ni, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, àmọ́ kò jẹ́ pa irú irọ́ yìí fún ìyá tó bí i. Mo wà lẹ́yìn páálí, mo ká ara mi kò bí ọmọ tí wọ́n ń wá fún abẹ́rẹ́.

Bàbá Tíṣà gbé òkúta wọn sẹ́yìn. Òun ni ìkẹtàlélógún. Wọ́n wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí níbẹ̀: wọ́n rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n ń bi èèyàn lórúkọ, wọ́n ní kí àwọn tó wà lórí ìlà ka orúkọ ara òkúta àwọn tí kò sí níbẹ̀ fún àwọn. Mo rò pé wọ́n kàn ń kí èèyàn ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sinmi ní mọ́ṣáláṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò dé. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, àgbàrá ti ń ti òkúta kiri, ṣọ́ọ̀kì ti ṣí kúrò lára wọn. Mo kó gbogbo wọn sábẹ́ òrùlé. Màdáámù ní páálí ti dé, méje péré ló wà nínú ẹ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá gbé òkúta funfun sí ipò keje, Bàbá Tíṣà á rí Wàláà rà, wọ́n á máa lọ sílé, alákòóso á sì wà ní alákòóso lójú gbogbo yín. Ipò keje yẹn, ti Ìyá Fọlákẹ́ ni, télọ̀ kan láti Òkè-Ògbó. Láti Fúráìdè ni òkúta wọn ti wà lórí ìlà. Wọ́n máa ń bu gúgúrú fún mi bí wọ́n bá wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ni mo wá fi sí ìkẹtàlélógún. Bí ẹlòmíràn bá rí i, kò sọ. Ipò tirẹ̀ ṣáà wà níbi tó wà.

Gbogbo èèyàn ti gbọ́ pé páálí dé, wọ́n ya wá. Mo da ọ̀rá borí, mo ń pe òkúta lórúkọ. Nígbà tó kan Bàbá Tíṣà, mo sún mọ́ wọn, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí wọn létí pé òjò ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn wá, pé ìlà ti sún. Ojú wọn ò mú mi. Wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé Wàláà jáde mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ìyá Fọlákẹ́ ò jà. Ì bá sàn kí wọ́n jà. Wọ́n kàn ń sọ pé èèyàn mẹ́fà ló wà níwájú àwọn láti Fúráìdè, pé lójoojúmọ́ ni àwọn ń kà á, pé kí ni àwọn fẹ́ wí fún Fọlákẹ́ tí ìdánwò ẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ bá òjò ṣẹjọ́.

Bàbá Tíṣà gbọ́, wọ́n dúró. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ẹ mọ ohùn yẹn, ohùn tó máa ń lé ewúrẹ́ kúrò lọ́gbà ilé ìwé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ pe orúkọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, láìwo ìwé kankan, bí wọ́n ṣe máa ń pè wá ní kíláàsì. Olùkọ́ yunifásítì kan ló kọ́kọ́ dáhùn, ẹ̀rín ló fi ṣe: ó ní pírẹ́sẹ́ńtì, sà! Ni gbogbo wọn bá ń dáhùn bẹ́ẹ̀, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá arúgbó, alága ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rín gba orí ìlà kan títí wọ́n fi pe ẹni keje, Ìyá Fọlákẹ́. Ìyá Fọlákẹ́ náà dáhùn. Ẹ̀rín tán níbẹ̀. Bàbá Tíṣà pè é dé ẹni kejìlélógún. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí òjò dá dúró sílé.

Wọ́n pe orúkọ tara wọn sí ìkẹtàlélógún, àwọn náà ló sì dáhùn. Wọ́n wá sinmi díẹ̀, wọ́n pe ẹnì kan sí i. Ràṣídì Àkànjí. Wọ́n fa Àkànjí yẹn gùn, bí wọ́n ṣe máa ń fà á bí mo bá pẹ́ dé. Wọn ò yíjú sọ́dọ̀ mi. Mo ń gbọ́ bí òjò ṣe ń kán sórí ọ̀rá tí mo dà borí. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnu mi tó ń sáré ṣáájú mi lójoojúmọ́, ọjọ́ yẹn ló dúró.

Wọ́n ní ó dáa, kí wọ́n kọ ọ́ pé kò wá.

Wọ́n gbé Wàláà fún Ìyá Fọlákẹ́, wọ́n ní kí wọ́n má dúpẹ́, ipò wọn ni. Ìyá Fọlákẹ́ san owó ẹ̀ padà fún wọn. Wọ́n mú àpò, wọ́n gba gáréèjì lọ, wọ́n fi òkúta sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n sọ fún yín pé àwọn ò rí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ní àwọn rí i, ẹ ó béèrè bí ọ̀gá Ràṣídì ṣe ṣe wọ́n lálejò.

Mo tún pè yín lọ́jọ́ kejì, mo ń yangàn nípa òjò. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní orí mi pé. Ẹ wá ní Bàbá Tíṣà mà ti padà dé o, wọn ò rí ọ̀nà, ó ṣe èèyàn láàánú. Èmi náà ní ó ṣe mí láàánú.

Mo ti gbé òkúta funfun padà sórí ìlà, mo fi sẹ́yìn gbogbo èèyàn, kó lè kan Bàbá Tíṣà láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìkọkànlélógójì ni nígbà yẹn, ó ti di ìkọkàndínlógún. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ ń yún mi láti sún un, mi ò sún un. Màdáámù náà máa ń ka ìwé ìròyìn yìí. Bí wọ́n bá ka èyí, bóyá ìgbálẹ̀ pàápàá á bọ́ lọ́wọ́ mi. Kó bọ́.

Ẹ ní kí Bàbá onígbàjámọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá tún júwe ilé Bàbá Tíṣà fún wọn, ẹ ní kó wá júwe tèmi. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti Bàámi sí fún wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tèwe tàgbà, títí kan àwọn tó ń fá orí.

Irọ́ kan ṣì kù lókè lẹ́tà yìí tí mi ò fa igi lé. Mo ní òjò fọ orúkọ gbogbo èèyàn dànù. Ti àwọn yòókù ló fọ̀. Ọ̀dà èékánná pupa ni Ìyá Fọlákẹ́ fi kọ tiwọn, òjò kankan ò lè fọ ìyẹn. Èmi ni mo ju òkúta náà sí gọ́tà, tí mo mú òkúta mìíràn tí kò lórúkọ fi rọ́pò ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá béèrè ẹ̀, mo ní àgbàrá gbé e lọ. Mo ti lọ wá a jáde. Orúkọ wọn ṣì wà lára ẹ̀, ó pupa fòò. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Tíṣà pé kí wọ́n pa kò-wá tí wọ́n ní kí wọ́n kọ sí iwájú orúkọ mi rẹ́.

Pírẹ́sẹ́ńtì, sà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì Àkànjí, agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Mayfair.